Alzheimer nínú ilé: oògùn tuntun, ọ̀rọ̀ àjẹ́, àti ohun tí ẹbí lè ṣe ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, tí ọjọ́ 21 rẹ̀ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó ń ra iyè, sì ń bọ̀, orí WhatsApp a máa gbóná. Ẹnì kan á ní oògùn rẹ̀ ti dé ní Amẹ́ríkà, ẹ tètè wá owó. Ẹlòmíràn á ní àìsàn òyìnbó ni, kò kan aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta á fi ohùn ránṣẹ́ pé ìyá àgbà tó ń rìn kiri lóru, tó ń fi orúkọ òkú pe alààyè, ẹ má gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni, ó kọjá ti dókítà. Àwọn ẹbí tó ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu títí dé Ṣábẹ ní Benin, kò wá mọ èyí tí wọn yóò mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Ṣé kì í ṣe arán lásán ni?

Ìgbàgbé nìkan kì í ṣe àìsàn. Àgbà tó wá kọ́kọ́rọ́ títí, tó wá rántí pé abẹ́ ìrọ̀rí lòun fi í sí, ọjọ́ orí ló ń bá a jà. Èyí tó yẹ kó kọ ẹbí lóminú ni kí ẹni tó ti ń tajà ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ má lè ka owó tó kù padà fún oníbàárà mọ́. Kí ó béèrè ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá kí ọbẹ̀ tó jinná. Kí ó ṣìnà lójú ọ̀nà oko tó ń tọ̀ láti kékeré. Kí ó wọ bùbá tán kó tó fi ṣímí lé e. Bí irú èyí bá ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, tí kò jẹ́ kí ó lè dá nǹkan rẹ̀ ṣe mọ́, ó ti kọjá arán.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí ní 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ti tọ́jú rí wò. Ohun méjì ló bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pàǹtí pírótéènì tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, èyí tí wọ́n wá mọ̀ sí amyloid. Èkejì ni pírótéènì mìíràn, tau, tó lọ́ pọ̀ bí okùn nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa kú. Apá tó ń kó ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́ ni ìbàjẹ́ náà sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ìdí nìyẹn tí Ìyá fi lè ki oríkì ìdílé láti òkè délẹ̀ láìṣìsọ, kí ó má sì rántí pé òun jẹun ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Lórí ìwé dókítà wa, ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹ ó máa rí ni démence. Orúkọ ìdílé gbogbo àìsàn tó ń ra iyè ni ìyẹn, Alzheimer sì ni ọmọ tó tóbi jù nínú ìdílé náà: òun ni 60 sí 70 nínú 100. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí tàbí tó bẹ́ nínú ọpọlọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú sábà ń fà. Lára ọ̀pọ̀ àgbà, méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

## Ṣé àìsàn òyìnbó ni?

Ìwádìí tó dáhùn ìbéèrè yìí jù, lára Yorùbá ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1992, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ ojúgbà wọn ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 nìyí: nínú 1,000 àgbà, Alzheimer ń mú bíi 12 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó ń mú bíi 25 ní Indianapolis. Ní Benin fúnra rẹ̀, àwọn oníwádìí ka àwọn tó ní démence láàárín àwọn tó ti pé 65: ní agbègbè Djidja, wọn kò pé 3 nínú 100, ní Kútọnu, wọ́n sún mọ́ 4 nínú 100.

Nítorí náà, ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tó mú un kéré ni àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní oúnjẹ, iṣẹ́ oko àti ọkàn tó dára ni. Àwọn kan tọ́ka sí àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE ε4: ó ń mú kí ewu àìsàn náà pọ̀ gan-an lára àwọn ará Indianapolis, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lára Yorùbá. Àwọn mìíràn ní ẹni tí àìsàn náà bá mú kì í pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa, nítorí ìtọ́jú tí kò tó, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sí nílẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá wá kà.

## Ṣé oògùn ti dé lóòótọ́?

Oògùn tuntun jáde lóòótọ́. Àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab pátápátá ní oṣù keje 2023, ó sì fọwọ́ sí donanemab ní oṣù keje 2024. Amyloid ni wọ́n ń kó kúrò nínú ọpọlọ. Iyè tó ti lọ, wọn kì í dá a padà.

Nínú ìdánwò lecanemab, tí wọ́n ṣe fún oṣù 18 pẹ̀lú ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800, àìsàn náà kò dúró lára àwọn tó gba oògùn. Ó kàn falẹ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ, ní ìwọ̀n 27 nínú 100. Lórí òṣùwọ̀n tó ní máàkì 18, ìyàtọ̀ àárín wọn kò pé ìdajì máàkì kan. Àwọn dókítà kan ní ìyẹn kéré débi pé ẹbí lè má fojú rí i. Àwọn mìíràn ní oṣù mélòó kan sí i tí Bàbá ṣì dá ara rẹ̀ wẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ibi tí àríyànjiyàn náà wà títí di ìsinsìnyí nìyẹn.

Ohun tí WhatsApp kì í sọ ni àwọn ohun tí oògùn náà ń béèrè. Kìkì ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò, bíi àwòrán àkànṣe tàbí omi ọ̀pá ẹ̀yìn, rí i dájú pé amyloid wà níbẹ̀. Inú iṣan ni wọ́n sábà ń fà á sí, lecanemab lọ́sẹ̀ méjì méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, donanemab lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, wọn a sì máa ya àwòrán ọpọlọ léraléra, nítorí pé ọpọlọ lè wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa jò nínú rẹ̀. Nígbà tí lecanemab jáde, iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 26,500 dọ́là lọ́dún, bíi mílíọ̀nù 15 sí 16 sẹ́fà, láìka yíya àwòrán mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òun ń tà á ní kóró, ohun mìíràn ló ń tà.

Àwọn oògùn àtijọ́ ni dókítà lè kọ fúnni nítòsí: donepezil, rivastigmine, galantamine àti memantine. Donepezil sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti 5 miligíráàmù lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n lè sọ ọ́ di 10. Ó ń mú kí ojú àwọn kan mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í dá àìsàn dúró. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti kí ọkàn máa lù lọ́ra jù ni wàhálà rẹ̀. Bí àgbà bá ń dákú lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má ra èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri nínú apẹ̀rẹ̀. Ní ti òróró àgbọn tí wọ́n ń pariwo, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń wo àìsàn yìí.

## Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní àjẹ́?

Àwọn ẹbí tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n rí dẹ́rù bà wọ́n: ìyá tó ń dìde láago méjì òru, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, tó ní ọmọ òun ń jí òun lówó, tó ń bú ìyàwó ọmọ ní èébú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Kétu, tí à ń pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rù àwọn ìyá wa jọ ń rìn ni.

Àlàyé tí ìmọ̀ ìṣègùn ní fún wọn nìyí. Ohun tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ, ló fi ń rìn lóru. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló kù nínú iyè, ló fi jẹ́ pé òkú ló ń rí. Ó fi owó pamọ́, ó gbàgbé pé òun fi í pamọ́, ọpọlọ wá fi olè dí àlàfo náà. Apá iwájú ọpọlọ tó ń jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ mì ti rẹ̀wẹ̀sì, ló fi ń bú ènìyàn. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àjẹ́ lòun wá ńkọ́? Bí àwọn ènìyàn bá pagbo yí i ká, tí wọ́n ń bi í léraléra pé ṣé òun ló pa lágbájá, ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà lè dáhùn pé òun ni, nítorí pé ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló fi ń dí ihò inú orí rẹ̀. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ní oṣù keje 2020, ní Kafaba ní àríwá Gánà, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba lórí ẹ̀sùn àjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìkejì: wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ bàbá aláwo tàbí pásítọ̀ tàbí áfàà, wọ́n sì ń lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà kò bá àdúrà jà. Ohun tí wọ́n ń kọ̀ ni ààwẹ̀ tipátipá, nítorí pé àgbà tí kò mu omi á tún dàrú sí i, tí ṣúgà ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà á sì já wálẹ̀. Wọ́n ń kọ dídè mọ́lẹ̀, nínà, kíkán nǹkan sójú, àti dídá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró.

## Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fura?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe yá tó. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, Alzheimer kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ibà, àrùn ojú ilé ìtọ̀, àìmu omi, ṣúgà tó já, tàbí oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ó bá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó ń fara jọ Alzheimer, tí a sì lè tọ́jú. Àgbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà zémíjàn ní oṣù kan sẹ́yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ tó ń sun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí; iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya lè sọ ènìyàn di ẹni tí kò dá nǹkan mọ̀. Àìtó fítámì B12, thyroïde inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, sífílíìsì, HIV: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi wọ́n hàn. Àwọn oògùn tó ń kunni lóorun, bíi diazepam àti àwọn kan tí a ń lò fún ọ̀fìnkìn àti ara yíyún, ń ra iyè àgbà. Etí tó di àti awọ funfun tó bo ẹyinjú náà ń ṣe tiwọn, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò lè dáhùn rẹ̀.

Ará Kétu á kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tirẹ̀, lẹ́yìn náà sí ti Pobè. Ará Ṣábẹ ní ilé ìwòsàn ẹkùn nílùú. Àjàṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau. Dókítà ọpọlọ wà ní Kútọnu, ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Gbogbo oògùn tó ń lò, tòyìnbó tìbílẹ̀, ẹ kó wọn sínú àpò kan lọ. Ẹ kọ sílẹ̀ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò lè ṣe mọ́, bó ṣe ń sùn, iye ìgbà tó ti ṣubú. Ẹni tó ń bá a gbé ni kó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọmọ tó dé láti Èkó lánàá.

Ohun kan tún wà láti ṣọ́: ìdánwò tó ń ní kí ènìyàn kọ gbólóhùn sílẹ̀ kí ó sì máa yọ méje kúrò nínú 100 kò tọ́ sí ẹni tí kò lọ sílé ìwé. Wọ́n lè sọ pé àìsàn ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá. Àwọn oníwádìí Ìbàdàn lo irú kan tó ń bi aláìsàn ní ìbéèrè, tó sì ń bi ẹbí rẹ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n béèrè ọjọ́ ọjà, orúkọ ọmọ, iye tí òṣùwọ̀n gàrí kan jẹ́.

## Báwo la ṣe ń bá a gbé?

Ọ̀rọ̀ sísọ ni àkọ́kọ́. Ẹ wá síwájú rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ jókòó kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ pè é ní orúkọ tó mọ̀ jù tàbí oríkì rẹ̀, kí ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì dákẹ́. Ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó dáhùn. Ẹ má bi í pé "Ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Ẹ sọ fún un: "Ìyá, èmi Àbẹ̀kẹ́ ọmọ yín ni, mo gbé ẹ̀kọ wá." Faransé tó fi ṣiṣẹ́ ọba fún ọgbọ̀n ọdún sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, èdè ìyá rẹ̀ ló ń pẹ́. Bí ẹ bá gba ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá láti máa tọ́jú rẹ̀, ẹ ti pàdánù ìdajì iṣẹ́ náà.

Bí ó bá béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú ńkọ́? Àwọn kan ní irọ́ ni irọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ rí i pé òótọ́ yẹn ń jẹ́ kí ó ṣọ̀fọ̀ tuntun lójoojúmọ́, kí ó sì tún béèrè lọ́la. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà ni kí wọ́n bi í pé: "Irú ènìyàn wo ni Bàbá?" Yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ìwẹ̀ ló ń fa ìjà jù. Ìdí rẹ̀ ni pé òtútù ń mú un, ó ń rí àjèjì tó ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn ti mú. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi wò. Ẹ jẹ́ kí ìró wà lára rẹ̀, kí ẹ máa ṣí ibi tí ẹ ń wẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bù ú sí, kì í ṣe orí. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kò ní rántí pé òun kọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń dàrú jù. Ẹ tan iná kí òkùnkùn tó dé, pàápàá níbi tí iná ìjọba kì í ti dúró. Àtùpà olóòrùn kan lójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ á gbà yín lọ́wọ́ ìṣubú. Ẹ má jẹ́ kó sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Ẹ mú un lọ tọ̀ ní wákàtí méjì méjì, kó tó sọ pé òun fẹ́ tọ̀.

Ewu inú ilé wa yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Kànga ni ti àkọ́kọ́: kó ní ọmọrí tó ní àgádágodo. Epo kpayo (bẹntiróòlù) tí ẹ rọ sínú ìgò jọ ohun mímu, oògùn kòkòrò òwú náà ń wà nínú ike omi. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ibi wọn. Àdá, ọ̀bẹ, gáàsì, ẹ kó wọn kúrò lójú.

Nígbà tó bá yá, ìgbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbígbé mì á di ìṣòro. Omi tó ṣàn ló ń tètè há lọ́nà ọ̀fun, kì í ṣe oúnjẹ tó ki. Ẹ gbé e jókòó gbagidi, kó tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ṣíbí kékeré bu ògì tó ki tàbí àkàsà tó kúnná, ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ yọ gbogbo eegun ẹja. Kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Oúnjẹ tó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ń fa òtútù àyà tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá ti di ẹni tí kì í dìde mọ́, ẹ yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ máa wo ìdí, gìgísẹ̀ àti ìbàdí. Ibi tó bá pọ́n, tí pípọ́n náà kò sì lọ nígbà tí ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

## Bí ó bá jáde tí a kò rí i mọ́ ńkọ́?

Ẹ wá ilé, ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀yìn ilé àti kànga láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà kí ẹ ké sí ènìyàn. Ẹ má dúró di alẹ́ nítorí ìtìjú. Ibi tó mọ̀ ní àtijọ́ ni ó sábà ń lọ: oko bàbá rẹ̀, ilé tí wọ́n ti bí i, ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Àwọn oní zémíjàn ní ìkóríta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n kí ó tó sọnù rárá. Ẹ rán nọ́ńbà tẹlifóònù méjì mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ òru, àwọn Zàngbétọ́ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe Orò, ẹ lọ bá àwọn àgbà rẹ̀ kí àsìkò tó tó, kí wọ́n mọ̀ pé obìnrin kan wà nínú agbo ilé yìí tí kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́.

## Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ ta sì ni ìtẹ̀ka wà?

Lọ́pọ̀ ilé, ọmọbìnrin tí kò lọ jìnnà tàbí ìyàwó ilé ni iṣẹ́ náà ń já lé léjìká, nígbà tí àwọn tó wà ní Kútọnu, Èkó tàbí Paris ń fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi ẹnu ṣe ọ̀gá. Bí ẹni náà kò bá sùn fún òru mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le sí àgbà náà. Ìpàdé ẹbí kan lè pín in: ta ni ń gba òru Sátidé, ta ni ń san owó oògùn, ta ni ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ ló máa ń tú ẹbí ká. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ lè tẹ̀ka sí ìwé títa ilẹ̀ lówùúrọ̀, kí ó má mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ á sì lo ogún ọdún ní kóòtù. Nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, kó lọ síwájú nótérì pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó yan aṣojú, kó sọ ohun tó fẹ́ lórí ilẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí ìgbà yẹn bá ti kọjá, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà nípa ipò rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí kóòtù láti béèrè alábòójútó fún un, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà pé kí wọ́n má gba ìtẹ̀ka rẹ̀ kankan láìsí ẹbí níbẹ̀.